Bí A Ṣe Ń Pọn Bíà Tí Kò Ní Ọtí Nínú Nílé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bíà tí kò ní ọtí nínú ló rọrùn jù láti pọn. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ákóhólù, èròjà tó ń pani nínú ọtí, ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe nínú bíà. Òun ló ń bá wa lé kòkòrò àìfojúrí jìnnà, òun ló ń jẹ́ kí bíà kún ẹnu dáadáa, òun ló sì ń gbé òórùn rẹ̀ wá sí imú ẹni tó ń mu ún. Bí kò bá sí nínú bíà mọ́, ẹni tó ń pọn ọ́n gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tí yóò ṣe iṣẹ́ wọ̀nyẹn, pàápàá iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí àlàyé yìí yóò fi pẹ́ lórí ìmọ́tótó, lórí bí bíà náà ṣe gbọ́dọ̀ kan tó, àti lórí ooru, ju bí yóò ṣe pẹ́ lórí adùn lọ.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni òpin tí ákóhólù inú irú bíà báyìí kò gbọdọ̀ kọjá. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1919 láti fi de ọtí ló fìdí ìwọ̀n náà múlẹ̀, àwọn ilé ìpọntí sì ń ta bíà tí kò tó ìwọ̀n yẹn títí tí wọ́n fi wọ́gi lé ìfòfindè náà ní 1933. Òpin yìí kan náà ni a óò máa fojú sùn nínú àlàyé yìí. Ẹ kíyè sí i pé 0.5 kì í ṣe òdo. Ẹni tí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ákóhólù rárá, ì báà jẹ́ nítorí ìlera, oyún tàbí ẹ̀sìn, kò gbọdọ̀ mu bíà tí a fẹ́ pọn yìí, àyàfi tí ó bá pọn irú èyí tí kò ní ìwúkàrà, tí a óò mẹ́nu kàn níwájú.

Ọ̀nà tó wà àti èyí tó dára jù

Ọ̀nà tí ẹnu àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń lọ sí ni pé kí a gbé bíà tó ti parí kaná, kí ákóhólù inú rẹ̀ lè bá èéfín lọ. Ákóhólù máa ń hó ní nǹkan bí 78°C nígbà tí omi ń hó ní 100°C, nítorí náà wọ́n rò pé bí ìkòkò bá ti kọjá 78°C, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì bá ti pò mọ́ra, wọn a jọ máa fẹ́ lọ ni, ìyókù ákóhólù a sì máa ṣòro yọ síwájú àti síwájú. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, ìyẹn USDA, ní tábìlì kan fún oúnjẹ tí a fi ọtí sè. Ó fi hàn pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí iná, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ákóhólù náà ṣì kù. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìdá 25. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ìdá 10. Bí a bá fi ìwọ̀n yìí wo bíà tó ní ìdá 5, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi ìdá 1.75 sílẹ̀, yóò sì tó wákàtí méjì kí ó tó sọ̀kalẹ̀ sí 0.5. Ní àsìkò yẹn, òórùn họ́ọ̀pù, ìyẹn òdòdó tó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn, ti lọ pátápátá, ohun tó kù nínú ìkòkò kò sì ní yàtọ̀ sí bíà tí a sè jinná. Àwọn ilé ìpọntí ńlá ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò kí ákóhólù lè fẹ́ lọ nínú ooru tí kò tó nǹkan, àwọn mìíràn sì ń sẹ́ ẹ kúrò pẹ̀lú awọ tó ní ihò tíntìntín. Kò sí èyí nínú ilé ìdáná.

Nítorí náà, ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ákóhólù náà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a fi ń ṣe é: kí mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà tí a mú hù tí a sì wá gbẹ, má pọ̀, kí omi tí a fi rẹ mọ́ọ̀tì náà gbóná ju bí wọ́n ṣe ń lò ó fún bíà gidi lọ, kí a sì lo ìwúkàrà tí kò lè jẹ ṣúgà tó pọ̀ jù nínú omi mọ́ọ̀tì. Maltose ni orúkọ ṣúgà yìí. Ìwúkàrà tí a fi ń pọn bíà gidi ń jẹ ẹ́ tán pátápátá, ṣùgbọ́n irú àkànṣe kan wà tí kò ní ohun tí yóò fi gbà á wọlé sínú ara rẹ̀. SafBrew LA-01 àti LalBrew LoNa wà lára èyí tí àwọn tó ń pọn bíà nílé lè rí rà. Ṣúgà kéékèèké tó wà níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í sì í sábà jẹ ju nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo rẹ̀ lọ.

Bí ẹ kò bá rí irú ìwúkàrà yìí, ẹ má ṣe fi ti bíà gidi dípò rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ẹ óò dá a dúró láàárín ọ̀nà. Kò ṣe é dá dúró bẹ́ẹ̀ nílé. Ó sàn kí ẹ fi ìwúkàrà sílẹ̀ pátápátá. Ohun tí ẹ óò rí yóò jẹ́ omi mọ́ọ̀tì oníhọ́ọ̀pù tí kò ní ákóhólù rárá, àmọ́ adùn rẹ̀ yóò dà bí ti mọ́ọ̀tì tútù, nítorí pé ìwúkàrà ló máa ń pa òórùn yẹn run bí ó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ kéré tó.

Ohun tí ẹ óò kó jọ

Fún bíà lítà 10, ẹ ó nílò mọ́ọ̀tì kílò kan, tí a ti lọ̀ wẹ́wẹ́ ṣùgbọ́n tí kò kúnná bí ìyẹ̀fun. Kí 750 gíráàmù nínú rẹ̀ jẹ́ mọ́ọ̀tì ọkà báálì lásán, kí 150 gíráàmù jẹ́ óòtì pẹlẹbẹ tí yóò jẹ́ kí bíà náà ki díẹ̀ lẹ́nu, kí 100 gíráàmù tó kù sì jẹ́ mọ́ọ̀tì pupa tó ní adùn karamẹ́lì. Ẹ ó nílò họ́ọ̀pù gíráàmù 25 tí ìkorò rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ alpha 5% sí lára páálí rẹ̀, àti ìwúkàrà gbígbẹ gíráàmù 5 sí 8. Ẹ wá lactic acid olómi tí wọ́n ń tà fún ìpọntí, ìyẹn ásíìdì tí a óò fi mú bíà náà kan.

Nínú ohun èlò, ẹ wá ìkòkò tó gba lítà 16 ó kéré tán, àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lè gba gbogbo mọ́ọ̀tì náà, tẹmọ́mítà, háídírómítà tó ń fi bí ṣúgà inú omi ṣe pọ̀ tó hàn, ohun èlò tó ń wọn pH (òǹkà tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn; bí ó bá ṣe kéré tó ni nǹkan náà ṣe kan tó), garawa oníke tí ọmọrí rẹ̀ dé pa pẹ̀lú ihò tí gáàsì lè gbà jáde láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ wọlé, àti oògùn apakòkòrò tí a kì í fi omi ṣàn kúrò lẹ́yìn lílò. Lójú tèmi, bí owó kò bá tó, kí ẹ dín ti họ́ọ̀pù kù kí ẹ lè ra ohun èlò pH tó dára. Bébà tó ń yí àwọ̀ náà lè ṣe é, àmọ́ àwọ̀ bíà fúnra rẹ̀ máa ń da ojú rú níbi tí a ti nílò ìdánilójú jù lọ.

Rírẹ mọ́ọ̀tì

Ẹ da omi lítà 13 sínú ìkòkò, kí ẹ sì mú un gbóná dé 77°C. Ẹ tẹ́ àpò aṣọ sínú rẹ̀, kí ẹ máa da mọ́ọ̀tì sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń rò ó kí ó má baà dì ní kókó. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wọ inú omi, ooru yóò sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 75°C, ibẹ̀ ni kí ẹ sì dì í mú fún ìṣẹ́jú 45 pẹ̀lú ìdérí lórí rẹ̀.

Ìwọ̀n ooru yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú. Énsáìmù méjì, ìyẹn èròjà tó ń gé nǹkan sí wẹ́wẹ́, ló wà nínú mọ́ọ̀tì tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Èyí tó ń gé e sí ṣúgà tí ìwúkàrà lè jẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín 60°C sí 65°C, ó sì ń kú kíákíá bí ooru bá ti kọjá 70°C. Èkejì lè fara da ooru jù ú lọ, gígùn-gígùn ló sì máa ń gé tirẹ̀, sí oríṣi tí ìwúkàrà kò lè jẹ ṣùgbọ́n tó ń jẹ́ kí bíà ki lẹ́nu. Ní 75°C, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ti àkọ́kọ́ tán, a sì jẹ́ kí èkejì ṣe ìwọ̀nba iṣẹ́ tó lè ṣe.

Nítorí pé omi náà pọ̀ gan-an sí mọ́ọ̀tì, pH rẹ̀ lè ga jù, bí ó bá sì ga nínú ooru báyìí, èèpo báálì yóò yọ ohun kan tó ń fa ẹnu pọ̀ sínú omi. Ẹ bu díẹ̀ tutù, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi lactic acid mú un wá sáàárín 5.2 sí 5.5. Ẹ̀kán díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa kán an. Bí àsìkò bá pé, ẹ gbé àpò náà sókè kí ó ro dànù fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe fún un pọ̀ tagbáratagbára.

Síse pẹ̀lú họ́ọ̀pù

Omi tó kù nínú ìkòkò yóò tó lítà 12. Ẹ jẹ́ kí ó hó, kí ẹ da họ́ọ̀pù gíráàmù 10 sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa hó fún wákàtí kan láìbò ó. Ìdérí kò gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀, nítorí èròjà kan wà nínú mọ́ọ̀tì funfun tó ń rùn bí àgbàdo sísè, ẹnu ìkòkò ló sì ń gbà jáde. Gíráàmù 10 yẹn lè dà bí ẹni pé ó kéré lójú ẹni tó ti ń pọn bíà gidi. Ó tó. Bíà tí kò ní ákóhólù kò ní ohun tí yóò bo ìkorò mọ́lẹ̀, èyí tó bá sì pọ̀ díẹ̀ jù ni yóò gba gbogbo ẹnu. Bí ẹ bá ti pa iná, ẹ da họ́ọ̀pù gíráàmù 15 tó kù sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Òórùn ni ti èyí wà fún.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìkòkò náà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ sínú agbada omi yìnyín, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù dé 20°C láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Láti ìgbà tí ooru rẹ̀ bá ti dín sí 60°C, ohunkóhun tó bá máa kàn án, ì báà jẹ́ ṣíbí tàbí ọ̀pá tẹmọ́mítà, gbọ́dọ̀ ti inú oògùn apakòkòrò jáde wá.

Kíkan án kí ìwúkàrà tó wọ inú rẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni kò sí nínú pípọn bíà gidi, òun sì ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò. Nínú bíà gidi, ìwúkàrà ló ń mú pH sọ̀kalẹ̀ bí ó ti ń jẹ ṣúgà lọ. Níhìn-ín, iṣẹ́ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè mú un sọ̀kalẹ̀ kánkán tó. Ìyẹn já sí pé omi tó ní ṣúgà, tí kò ní ákóhólù, tí pH rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 5, yóò jókòó sínú garawa fún ọjọ́ mélòó kan. Kòkòrò tó ń fa májèlé botulism lè dàgbà nínú ohun tí pH rẹ̀ bá ju 4.6 lọ, Salmonella àti E. coli tí bíà gidi kì í gbà láyè sì lè wà láàyè nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ da omi mọ́ọ̀tì náà sínú garawa tí ẹ ti fi oògùn apakòkòrò fọ̀, kí ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ife, kí ẹ rí i pé ó ti tutù dé nǹkan bí 20°C, nítorí pé ooru máa ń yí òǹkà pH padà. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ kán lactic acid sínú garawa, kí ẹ rò ó, kí ẹ tún un wọ̀n, títí tí yóò fi bọ́ sí 4.4. Bí iṣẹ́ bá parí, ibi tó yẹ kí ó wà ni àárín 4.2 sí 4.4. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa kan lẹ́nu bí ọsàn wẹ́wẹ́. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe mu ún.

Iṣẹ́ ìwúkàrà

Kí ẹ tó fi ìwúkàrà sí i, ẹ ju háídírómítà sínú rẹ̀. Omi lásán yóò fi 1.000 hàn, ti yín yẹ kí ó wà ní nǹkan bí 1.020. Bí ó bá ga jù, ẹ fi omi tí ẹ ti sè tí ó sì ti tutù là á, kí ẹ sì tún pH wọ̀n. Ẹ kọ òǹkà náà sílẹ̀ sórí ara garawa, nítorí pé òun nìkan ni ẹ óò fi mọ iye ákóhólù tó wà nínú bíà yín.

Ẹ wọ́n ìwúkàrà sójú rẹ̀, kí ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e síbi tí ooru rẹ̀ kò kọjá nǹkan bí 20°C. Ẹ má ṣe retí pé kí ó hó rùkèrùdò. Ìfófòó tí ẹ óò rí lè jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lójú omi, ìyẹn kò sì fi hàn pé nǹkan bàjẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún wọ̀n ọ́n, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí òǹkà méjèèjì bá bá ara mu, ìwúkàrà ti jẹ ohun tó lè jẹ tán.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ yọ òǹkà ìkẹyìn kúrò nínú ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ ohun tó bá kù di ìlọ́po 131.25. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 1.020 tó sì dúró ní 1.017, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.003, ákóhólù inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 0.39. Bí ó bá dé 1.016, ó ti kọjá 0.5 díẹ̀. Bí ó bá sì ń bọ́ sísàlẹ̀ lójoojúmọ́ láìdúró, ìwúkàrà mìíràn ti wọ inú rẹ̀, bóyá láti inú afẹ́fẹ́, bóyá láti ara garawa tí ẹ fi pọn bíà gidi rí. Ìwúkàrà bẹ́ẹ̀ yóò máa jẹ maltose tí a fi sílẹ̀. Ẹ dà á nù, nítorí pé yàtọ̀ sí ákóhólù, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ yóò máa bá a lọ nínú ìgò títí ìgò yóò fi bẹ́.

Ooru, gáàsì àti òtútù

Àwọn tó mọ bíà gidi í pọn nílé ti mọ́ra láti máa fi ṣúgà díẹ̀ sínú ìgò kọ̀ọ̀kan kí ìwúkàrà lè sọ ọ́ di gáàsì. Kò ṣe é ṣe níhìn-ín. Gíráàmù ṣúgà 6 nínú lítà kan yóò fi ìdá 0.4 ákóhólù kún un, bí a bá sì pa á pọ̀ mọ́ 0.39 tí ó ti wà níbẹ̀, a ti ré kọjá òpin wa tipẹ́. Láti ìta ni a óò ti fi gáàsì sí i.

Kí gáàsì tó wọ inú rẹ̀, ẹ fi ooru pa ohun tó bá wà láàyè nínú rẹ̀. Ẹ rọra da bíà náà sínú ìkòkò tó mọ́, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kù sí ìdí garawa, kí ó má sì ta púpọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá wọ inú rẹ̀ nígbà tó ń gbóná yóò ba adùn rẹ̀ jẹ́. Ẹ dé e, kí ẹ mú un dé 72°C, kí ẹ dì í mú níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì gbé e padà sínú omi yìnyín lójú ẹsẹ̀. Òórùn díẹ̀ yóò bá a lọ. Àwọn kan máa ń ti ìgò tó ti kún bọ inú omi gbígbóná kí òórùn má baà lọ, ṣùgbọ́n ìgò tí gáàsì wà nínú rẹ̀, tí a tún wá ń sè, lè fọ́ lójú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe é nílé.

Bí ó bá ti tutù, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré, ìyẹn àgbá irin tó ń gba gáàsì dúró, tí ẹ ti fi oògùn apakòkòrò fọ̀, kí ẹ so ó mọ́ sílíńdà gáàsì CO2, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì ní 4°C. Gáàsì máa ń wọ omi tútù ju omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lọ, nítorí náà ní ìwọ̀n ooru yìí, agbára 12 psi ti tó. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí kò ní kẹ́ẹ̀gì lè lo ìgò oníke tí wọ́n ń ta ìdérí oníhò gáàsì fún. Ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ tí a ṣe fún omi lásán, torí bíà máa ń hó jáde kúrò nínú rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn lọ, kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù. Ẹ máa fi oògùn apakòkòrò fọ ẹnu ẹ̀rọ tí ẹ ń gbà pọn ọ́n jáde, torí pé bíà tó bá gbẹ síbẹ̀ ni kòkòrò yóò kọ́kọ́ jẹ, ibẹ̀ ni yóò sì gbà padà wọ kẹ́ẹ̀gì. Ẹ gbìyànjú láti mu ún tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ìgò kan bá le gbagidi ju tàná lọ, tàbí tí bíà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìfófòó tí kò ní tẹ́lẹ̀, ẹ dà á nù láìtọ́ ọ wò.

Bí ó bá ṣàn jù lẹ́nu, ẹ fi 50 gíráàmù kún óòtì nígbà tí ẹ bá tún ń pọn ọ́n, kí ẹ sì yọ iye kan náà nínú mọ́ọ̀tì lásán. Bí ó bá dùn jù, ẹ má ṣe dín mọ́ọ̀tì kù. Ẹ fi họ́ọ̀pù gíráàmù kan tàbí méjì kún èyí tó ń hó fún wákàtí kan. Bí òórùn ló bá kéré lójú yín, ẹ di họ́ọ̀pù díẹ̀ sínú àpò aṣọ tí ẹ ti sè, kí ẹ jù ú sínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ooru pa kòkòrò inú bíà, kí ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì tún pH wọ̀n, nítorí pé họ́ọ̀pù máa ń gbé e sókè.